Kọ̀ǹpútà fún Ọwọ́ Òsì

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo wá kọ̀ǹpútà fún ọkọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun náà ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn. Ọdún tí a ti lò ní Maiduguri pọ̀ ju èyí tí a lò nílùú tí wọ́n bí wa sí lọ. Àdúgbò Ngomari ni ilé wa wà, níbi tí iyanrìn ti máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tí kò kágò.

Ọdún yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà bọ̀ sípò, iyè rẹ̀ ṣì pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e dé ìta. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́. Á kàn gbé e lé itan bí ẹrù ẹlẹ́rù.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tọ́ sọ́nà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n Gamboru, ní Maiduguri níbí, ni wọ́n bí i sí. Ìwé tó ń kọ láti fi gba oyè kejì dá lórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin àlùbọ́sà. Àwọn ará ẹ̀ka wọn ní yunifásítì fẹ́ gbé e fún olùkọ́ mìíràn, ọkọ mi ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Àkọ́bí wa tó ń gbé ní Ìbàdàn kò ṣe sùúrù ní tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pè pé kí a kó ẹrù wa bọ̀ nílé, pé òun ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè wá.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò fi ṣeré. Ó ní, "Bí mo bá lè ka iṣẹ́ ọmọ yìí, tí mo sì lè kọ àtúnṣe sí i fúnra mi, a ò lọ síbì kankan. Bí n kò bá lè ṣe é, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó lè ṣe é, ká lọ jókòó ní Ìbàdàn, ká máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá."

Mo ní kí ó máa sọ ọ́, kí èmi máa kọ ọ́. A dán an wò. Ó sọ gbólóhùn kan, mo sì bá a tún un tò díẹ̀ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Tíṣà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn bí inú bá ń bí i, "ta ni olùkọ́ ọmọ yìí, èmi ni àbí ìwọ?"

Mo gbé bírò sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló kù.

Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀, ti ọ́fíìsì ni, ọ́fíìsì náà ló sì kù sí. Ọmọ wa ní kí a ra èyí tó bóde mu, èyí tó fẹ́lẹ́ bí àwo oúnjẹ. Ó ka bó ṣe yára tó àti bí ìwé tó lè gbà ṣe pọ̀ tó sí mi létí. Mo fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi yúnífọ́ọ̀mù mọ ọmọ tó mọ̀wé rí. Mo bi ara mi pé: kí ni iṣẹ́ tí a fẹ́ fún un? Yóò ka ìwé gígùn, lẹ́tà rẹ̀ yóò sì tóbi tó ojú àgbàlagbà. Yóò jẹ́ kí ó kọ àtúnṣe sí etí ìwé, kí ó sì fi ránṣẹ́. Ọwọ́ òsì nìkan ni yóò lò ó. Sólà tó wà lórí òrùlé wa ni yóò máa fún un ní iná, sólà náà kò sì lágbára ohun tó wúwo. Nítorí náà mo yọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ tóbi.

Mo ní kí ọkọ mi jẹ́ ká jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ̀.

"Èèyàn mélòó ni n ó na ọwọ́ òsì sí kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà?"

Nílẹ̀ Yorùbá ni o, níbí ni o, a kì í fi ọwọ́ òsì kí èèyàn, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n ojú àánú yẹn gan-an ni kò fẹ́ rí.

Mo dá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àárín ìlú. Mo ti kọ́ ọmọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rí. Hajiya ló máa ń pè mí, ó sì mọ̀ dáadáa pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin níbí nìyẹn. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá sílé fún wa, kí ẹni tó máa lò ó fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó rẹ́rìn-ín. Ní Hausa ló fi dá mi lóhùn: "Hajiya, kọ̀ǹpútà kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń gbé lọ han ọkọ nílé."

"Aṣọ tí kò ní bátìrì lẹ ń gbé lọ hàn wọ́n. Èwo nínú méjèèjì ló lè já èèyàn kulẹ̀ lọ́sàn-án gangan?"

"Ó dáa, n ó wá lálẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù."

"Rárá o, ẹ wá lọ́sàn-án. Ooru náà wà lára ìdánwò."

Ó wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A tò wọ́n sórí tábìlì oúnjẹ, lábẹ́ fáànù lásán. Ìdánwò kan náà ni mo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ọkọ mi ka ojú ewé kan nínú iṣẹ́ ọmọbìnrin náà, kí ó sì kọ gbólóhùn àtúnṣe kan sí i.

Èyí tó dà bíi síléètì ni ọkọ mi kọ́kọ́ gbé. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń kọ ohun tí èèyàn bá sọ sílẹ̀. Ọkọ mi fi gẹ̀ẹ́sì ará Ọ̀yọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ inú ilẹ̀; ẹ̀rọ náà kọ ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi.

"Alhaji, ó ní ẹ fẹ́ rìnrìn àjò," ni ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù wí.

Kò pẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lọ, ètò náà sì dákẹ́ pátápátá. Nígbà tó fẹ́ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń yọ̀ lọ lórí tábìlì nítorí kò sí ọwọ́ kejì tí yóò dì í mú.

Ọkọ mi ní, "Síléètì tí mo lò ní kíláàsì kìíní kò sá fún mi báyìí."

Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí èyí tó fẹ́lẹ́. Mo rí i tó nàró lórí àga. Irú èyí ni àwọn olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń há sí abíyá, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi dígí. Bó ti ń dán yẹn, fèrèsé ẹ̀yìn wa hàn nínú rẹ̀ ju ìwé lọ. Bọ́tìnnì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì sún mọ́ra, ìka kan ń tẹ méjì. Ìgbà tó wá kan lẹ́tà ńlá ni wàhálà dé. Bọ́tìnnì méjì ni a ní láti tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jìnnà síra. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e lé bọ́tìnnì kan bí ẹni gbé òkúta lé ìwé kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ọwọ́ náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù yíjú sí ògiri, ó ń wo kàlẹ́ńdà.

Mo ní kí ọkọ mi fún mi láyè díẹ̀. Mo ti kà nínú fóònù mi pé ètò kan wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ò ní sanwó fún: bí a bá ṣí i, a lè tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ká gbé ọwọ́ kúrò, ká tó tẹ ìkejì, yóò sì kà á bí ẹni pé a tẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo rí i níbi tí wọ́n to ìrànwọ́ fún àwọn tí ara wọn kò pé sí.

Ọkọ mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kọ̀ǹpútà aláìsàn lo fẹ́ rà fún mi."

"Gíláàsì wà lójú yín. Ọjọ́ wo lẹ pe ara yín ní afọ́jú?"

"Gaskiya ne," òótọ́ ni, ni ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù sọ sí kàlẹ́ńdà.

Ọkọ mi kò dá mi dúró. Lẹ́tà ńlá yanjú. Síbẹ̀ ìka rẹ̀ ṣì ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, abẹ́ ẹ̀rọ náà sì ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo béèrè bí a óò ṣe máa gbọn eruku inú rẹ̀. Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù gbà pé ó ṣòro láti tú.

Ìkẹta jẹ́ tòkunbọ̀, ó nípọn, ó wúwo, ara rẹ̀ kún fún àpá. Bátìrì rẹ̀ kò dára, èyí ni àléébù rẹ̀; ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù ní òun yóò fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ ṣeé yọ. Ojú rẹ̀ kò dán, nítorí náà ìwé nìkan ló hàn níbẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ga, ìka ń mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo ṣí ètò ọ̀fẹ́ yẹn sí i. Mo sún máòsì, ohun kékeré tí à ń fi ọwọ́ tì kiri, sí apá òsì, mo sì yí bọ́tìnnì ọ̀tún àti òsì rẹ̀ padà fún un.

"Tíṣà ilé-ìwé tó yẹ kó máa sọ fún ọmọ pé kó fi ọwọ́ òsì sílẹ̀," ó ní, "òun ló wá ń kọ́ bàbá arúgbó ní ọwọ́ òsì."

"Àwọn ìyá wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi, mo ń wo ohun tí wọ́n kọ."

Mo bọ́ sí ilé ìdáná. Kò sí ọmọ tó ń yege bí olùkọ́ bá dúró lé e lórí. Nígbà tí mo padà, gbólóhùn náà ti wà níbẹ̀, ó pé, lẹ́tà ńlá wà níwájú, àmì ìdánudúró wà lẹ́yìn. Òmíràn tí n kò ní kó kọ sì wà lábẹ́ rẹ̀: ó ń bi ọmọbìnrin náà léèrè ibi tó ti rí ohun tó kọ.

Síbẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì ń lọ sí èyí tó fẹ́lẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa lò ó. Ẹ mú èyí tó wù yín." N kò fi ṣe àyínìke. Kọ̀ǹpútà tí ojú bá ń ti èèyàn láti lò, aṣọ ni yóò fi bò ó.

Ó gbé ọwọ́ lé èyí tó fẹ́lẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa èyí tó wúwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì sọ fún ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù ní Hausa pé, "Ẹ gbé arẹwà yín lọ. Iyanrìn Ngomari á jẹ ẹ́ tán."

Ètò ìkọ̀wé ló kù. Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí a ra èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Mo ní kí a kọ́kọ́ wo èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. A fi ojú ewé kan ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà nínú ímeèlì, ó sì pè láti sọ pé gbogbo àtúnṣe etí ìwé ló hàn bó ṣe yẹ. Kí la tún fẹ́? Èyí ọ̀fẹ́ la mú.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ òsì tó mọ ọ̀nà. Àwọn ọjọ́ kan wà tó pa ẹ̀rọ náà dé pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì á tún ṣí i. Ó ka orí kejì ìwé náà tán, ó sì fi í ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà wá sílé wa, ó di ìwé mọ́yà, ojú rẹ̀ kò túká.

"Sannu, Baba. O ti jẹun?" Hausa ló fi kí ọkọ mi kó tó bọ́ sí Yorùbá.

"Ẹ ti jẹun, ọmọ mi," ni mo fi tọ́ ọ sọ́nà. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Ẹ ti jẹun, sà? Màmá, ẹ bá mi bẹ Baba. Mo rò pé ara wọn ò yá, pé wọ́n á rọra ṣe mí. Kò sí ojú ewé tí wọn ò kọ nǹkan sí. Ti tẹ́lẹ̀ gan-an kò le tó báyìí."

Ọkọ mi ní, "Ọwọ́ mi ló ń ṣàìsàn. Ìwé tìẹ ni kò yẹ kó ṣàìsàn. Jókòó. Ta ló sọ fún ọ pé omi kànga àti omi odò ń ṣe ilẹ̀ bákan náà?"

Ọmọ náà jókòó, ó sì ń ṣàlàyé. Bó ti ń ṣàlàyé ni ọkọ mi fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo pe Ìbàdàn. Mo sọ fún ọmọ wa pé kí ó fi yàrá tó kùn gba àlejò, pé bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ẹnì kan, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tí yóò lò ó kọ́kọ́ kàn án, nínú ilé àti ooru ibi tí yóò ti lò ó. Ẹ béèrè irú iṣẹ́ tí yóò fi ṣe kí ẹ tó béèrè bó ṣe yára tó. Ẹ wo ohun tó ti wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó fi owó ra òmíràn kún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n.