Fọ́tò Tó Gba Inú Fóònù Ìyá Ṣọlá Kọjá

Ìbò káńsẹ́lọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Ní Bàrígà wa, bí wọ́n bá ka ìbò àwọn ará etí ọ̀sà tán, kí ìwé èsì tó dé ilé ìwé tí wọ́n ti ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye rẹ̀ á ti yí padà. Bí aṣojú ẹgbẹ́ bá sì ya fọ́tò rẹ̀, àwọn jàǹdùkú á gba fóònù náà lójú ọ̀nà.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa wá fi áàpù kan sórí fóònù wa, tí kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù kan á ju fọ́tò sí èyí tó wà nítòsí, ìyẹn á jù ú sí òmíràn, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Àwọn kan ń sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé e lè kà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Títì ni wọ́n tì í. Ẹni tó ń gbé e kọjá kò lè ṣí i, kò sì lè yí i padà.

Lọ́jọ́ ìbò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lóòótọ́. Àwọn èèyàn wa ti tò láti etí ọ̀sà dé ilé ìwé, àyàfi níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyá Ṣọlá tó ni ibẹ̀ ni aṣojú ẹgbẹ́ kejì létí ọ̀sà, kò sì gba ẹnikẹ́ni tiwa láyè láàárín ààrò rẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò wa dúró sí. Mo lọ bá a.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí fọ́tò wa gba inú fóònù yín kọjá."

Ó ń yí ẹja padà, kò wojú mi. "Tíṣà, láti àárọ̀ lẹ ti ń bú ẹgbẹ́ wa. Ẹ wá fẹ́ kí n bá yín ru ẹrù."

"Ẹ ò ní lè ṣí i."

"Kí ni mo fẹ́ ṣí? Ṣé mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á ni? Fọ́tò tèmi náà ò lọ." Ó nu ọwọ́, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Kí tèmi náà gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì níbí o, ẹja mi á jóná."

Mo ju áàpù náà sórí fóònù rẹ̀ láti ara tèmi. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà nílé ìwé fi í sórí fóònù ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ náà. Fọ́tò méjèèjì sì kọjá.

Nígbà tí ìwé èsì dé ilé ìwé, wọ́n ti fi ìbò kún ti ẹgbẹ́ Ìyá Ṣọlá. A gbé fọ́tò wa sókè. Wọ́n ní àwa la yí i. Alákòóso ìbò wá ní kí ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì ṣí èyí tí Ìyá Ṣọlá fi ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀ títí. Ìyá Ṣọlá ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò náà: "Bí a ṣe kà á nìyí. Mo fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má dójú tì mí." Ọkùnrin náà ṣí i fún gbogbo wa. Iye tó wà níbẹ̀ bá tiwa mu. Wọ́n tún iye náà kọ.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Ìyá Ṣọlá ló wọlé.

"Tíṣà," ó kí mi lọ́jọ́ kejì, "a nà yín láìfi ojóró kún un."

A pàdánù ipò káńsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn ará etí ọ̀sà ṣe dìbò ni wọ́n ṣe kà á, inú mi sì dùn. Gbèsè kan ló kù lọ́rùn wa: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ìbò kún tiwa, kí ẹ̀yin náà ṣí fọ́tò yín.