Rìmóòtù Ọwọ́ Ọ̀tún Ràímì

Bí ẹ bá béèrè ẹni tó ń tún páàdì géèmù ṣe lẹ́yìn ọjà Ìkòtún, Ọláníyan ni wọn yóò júwe fún yín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ooru ibẹ̀ ò sì kéré. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í sú u, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti inú, ẹnu rẹ̀ kì í tètè là.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Ràímì, káfíńtà Dopemu. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, àwọn méjèèjì á jókòó ti géèmù ológun kan, èyí tí ó dà bíi pé ìwọ fúnra rẹ lo di ìbọn mú, tí o ń wo iwájú. Ràímì á ṣáájú, Ọláníyan á máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á pariwo títí ìyá oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ wọn á fi bú wọn.

Ní ọdún 2011, ẹ̀rọ ìlapákó gé ìka ọwọ́ ọ̀tún Ràímì, ó ku àtàǹpàkò nìkan. Láti ọjọ́ náà, kò yọjú sí Ìkòtún mọ́. Àárò rẹ̀ sọ Ọláníyan débi pé Jímọ̀ wá di ọjọ́ tó gùn jù lọ́sẹ̀.

Ó bá ra rìmóòtù tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo fì, tí ẹ̀rọ á sì mọ ibi tó kọjú sí. Àwọn tó ṣe géèmù ológun náà ò ṣe é fún irú rìmóòtù bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni Ọláníyan fi jókòó ti kọ̀ǹpútà: bí ọwọ́ bá yí, kí ojú ológun yí, bí ọwọ́ bá ta síwájú, kí ìbọn dún. Níbẹ̀rẹ̀, bí ìbọn bá ti dún, ojú á gbé sókè, ológun á máa yìnbọn sí sánmọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹyẹ jà. Ó tún un ṣe títí ó fi gbọ́ràn.

Ó ránṣẹ́ pe Ràímì, ó sì gbé rìmóòtù lé e lọ́wọ́ òsì, torí òun ló pé.

"Òsì kẹ̀?" ni Ràímì wí. "Ṣé o mọ̀dí tí mi ò fi ń jáde? Tí a bá kírun tán, tí àwọn àgbà na ọwọ́ sí mi, ṣé òsì ni kí n nà sí wọn ni? A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá ní kí n máa fi ṣeré lójú ayé! Ó dáa náà." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ó dun Ọláníyan wọra. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ran awọ bàtà mọ́ rìmóòtù kí ó lè so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi aṣọ di ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, ó ku àtàǹpàkò, kó tó dán an wò.

Nígbà tó parí, ó gba Dopemu lọ. Onílé ní Ràímì ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ọláníyan á tan géèmù fún ẹni méjì. Ológun tirẹ̀ á dúró ti èkejì tí kò mira. Nígbà tó sú u, ó fi ìtìjú sílẹ̀, ó tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago.

"Mo ti tún un ṣe."

"Ọwọ́ wo?" ni Ràímì bi í.

"Ọ̀tún."

"Ṣé ìyá oníbúrẹ́dì ṣì ń bú yín?"

"Ta ni wọ́n fẹ́ bú? Kò sẹ́ni tó ń pariwo."

"Má tà á o, Ọláníyan," ni Ràímì wí. "Jọ̀ọ́, má tà á."