Ìpínrọ̀ Keje Bàbá Apá-Wo

Àkàbà ló sọ Bàbá Apá-Wo lórúkọ. Ó ń so okùn iná mọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni àkàbà bá yẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bó ṣe ti ọsibítù dé, ó mú fóònù, ó kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìpínrọ̀ mọ́kànlá gbáko, sórí ìkànnì kan báyìí.

Ìkànnì náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá kọ nǹkan síbẹ̀, àwọn òǹkàwé á dìbò fún un, ìbò á sì di kọ́ìnì kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fèsì náà á rí tirẹ̀ he. Orí bílọ́kíséènì ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìyẹn ni pé ohun tí èèyàn bá ti kọ síbẹ̀, kò sí ọba tó lè pa á rẹ́. Kí Bàbá tó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, èsì àkọ́kọ́ ti dé: “Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹ máa ṣe irú rẹ̀ sí i.”

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ojú ewé ẹni tó kọ ọ́, ó rí àdírẹ́sì: ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ni, ọkọ̀ méjì ni èèyàn máa wọ̀ débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fi ọ̀pá ti abíyá méjèèjì, ó wọkọ̀ méjèèjì.

“Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?”

“Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni.”

“Mo dúpẹ́. Apá wo ló dùn?”

Onífóònù wo fóònù, ó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n di ní funfun dé orúnkún. “Apá wo báwo, sà?”

“Ibi tí àkàbà ti yẹ̀ ni, àbí ibi tí egungun ti dún? Ẹ sọ ọ́, kí n lè mọ èyí tí mo máa ṣe sí i.”

Onífóònù dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn fóònù tó ti tú palẹ̀. Ó ní òun fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Bàbá ní kò ṣeé parẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ á bá a níbẹ̀. Ó wá bi í léèrè iye èsì tó ń kọ lóòjọ́.

“Ọgọ́rin, sà.”

“Mélòó lo ń kà níbẹ̀?”

Onífóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa fóònù jọ. Ni Bàbá bá fa àga, ó ní kó ka ìpínrọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sókè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń bi Bàbá bóyá àkàbà náà fara pa, onífóònù bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyẹn dùn lóòótọ́, sà!”

“Ṣé o rí i? Ìyẹn ni kó o kọ.”

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, láti ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Bàbá Apá-Wo.

Akórè-má-gbìn ni Bàbá ń pe àwọn tó ń fèsì láìkàwé. Ọkọ ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn, ọmọlúàbí ni o, kò kàn ráyè kàwé ni. Ó wá bẹ Bàbá pé kó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn: ogójì èèyàn, láràárọ̀ kálukú á dìbò fún kálukú, ó parí.

“Bàbá, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.”

“Òótọ́ lo sọ. Ẹrù ọ̀hún wá dà?”

Ó ṣáà wọ ẹgbẹ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ka ohun tí ogójì èèyàn kọ, ó sì fún kálukú lésì. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti kọ nípa àǹfààní omi mímu lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan náà. Bàbá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní ife mẹ́jọ. Lónìí, ẹ ní mẹ́fà. Ta ló mu méjì tó kù?” Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yọ Bàbá kúrò, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́ iṣẹ́. Obìnrin olómi nìkan ló kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀ pé òun ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń ka òun.

Ohun tó ń dun Bàbá gan-an nìyẹn. Ogójì ọdún ló fi mọ ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀, ó ń kọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà bá a lọ, ó sì ń fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo kà á tán. Kódà ìyàwó rẹ̀, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan náà, kì í kà á.

“Ṣé o ti kà á?”

“Ó dára.”

“Apá wo?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Gbogbo ẹ̀ kì í ṣe apá,” Bàbá á ní, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ló bá dọgbọ́n kan, kò sì sọ fún ẹ̀dá. Ó kọ̀wé gígùn kan lórí ìdí tí òwú fi ń já, ní ìpínrọ̀ keje ó ki gbólóhùn kan bọ àárín: ẹni tó bá kà á débí, kó wá gba ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ́wọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Èsì mẹ́rìndínláàádọ́jọ ló wọlé. “Ìmọ̀ràn gidi nìyí.” “Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí mi.” Ẹnì kankan ò wá. Onífóònù ì bá kà á, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rà á, Bàbá á ní, “Ẹni tó ni ín ń bọ̀.”

“Ta ló ni ín?” ìyàwó rẹ̀ bi í. “Kí ló ń dúró ṣe?”

“Ó ṣì ń kàwé lọ́wọ́.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá sùn lọ lórí àga rẹ̀, kò sì jí mọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dá ẹnì kan lóhùn lọ́wọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kéde ikú náà lórí ìkànnì, èsì àkọ́kọ́ sì dé wàràwàrà: “Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹ máa ṣe irú rẹ̀ sí i.” Inú fẹ́ bí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá ẹ ì bá ti wọkọ̀.” Onífóònù nu omi ojú, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀: “Apá wo ló dùn?”

Ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó Bàbá àti onífóònù ń kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù ni ọmọbìnrin kan wọlé, tòun ti fóònù tójú rẹ̀ ti fọ́. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ̀rọ kan ni mo wá gbà. Ti ìpínrọ̀ keje.”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọmọ náà ṣàlàyé pé iṣẹ́ aṣọ rírán ni òun ń ṣe, ẹ̀rọ tí òun háyà ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, ìwé Bàbá ni òun fi ń tún un ṣe. Òun bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, àná ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí èyí tó sọ nípa òwú. Onífóònù wá a jáde, ó rí i. Lóòótọ́ ni.

“Ìpínrọ̀ náà ṣì kù, sà,” ọmọ náà ní. “Ẹ ka ìsàlẹ̀ ẹ̀.”

Onífóònù kà á sókè: “Ìyàwó mi kò ní ka èyí, yóò kàn ní ó dára ni. Ṣùgbọ́n ó ti tó ogún ọdún tí ojú mi kò ríhò abẹ́rẹ́ mọ́, òun ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́. Bí mo bá ní èmi ni mo tún ẹ̀rọ kan ṣe, irọ́ ni. Àwa méjèèjì ni.”

Ìyá oníbọ́tìnnì dìde. Ó ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ, ó mú òwú nínú ọjà rẹ̀, ó fi ahọ́n lá a, ó sì ki í bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó wá fa àga fún ọmọ náà.

“Jókòó. Kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ọmọ náà kà á tán, ìpínrọ̀ mẹ́rìnlá.

“Ó dára,” ni ìyá náà wí.

Onífóònù rọra bi í pé, “Apá wo, mà?”

Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Ìkeje.”