Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ọmọ Mi

Wíńgà ni ọmọ mi. Fún ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù, wíńgà ni ẹni tó máa ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pápá, tí yóò gbé bọ́ọ̀lù kọjá àwọn tó ń dí i lọ́nà, tí yóò wá ta á síwájú àwọ̀n kí ẹlòmíì gbá a wọlé. Tó bá wọlé, ẹlòmíì yẹn ni wọ́n ń dì mọ́. Tí kò bá wọlé, wíńgà ni wọ́n ń bú. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un pé kí ó wá ibòmíràn dúró sí nínú pápá. Ó ní eré sísá lòun mọ̀.

London ni a bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí kíláàbù ńlá kan níbẹ̀ gbà á, a sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A jó dé iwájú pẹpẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pè é sínú ọ́fíìsì, wọ́n ní ó ṣeun, kí ó máa lọ. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìyẹn tí ẹnìkan kò dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Bọ́ọ̀lù ń kọ́? Ìgbà wo la máa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n?" Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ wá kó wá sí Canada, tí òun dúró síbẹ̀ láti máa wá kíláàbù mìíràn, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wa mọ́. Ọbẹ̀ tí kò tíì jinná, a kì í ṣí ìkòkò rẹ̀ han àlejò. Ní Ajax, ìlú tí a ń gbé ní Canada, ohun tí ìjọ wa mọ̀ kò ju pé a ní ọmọkùnrin kan ní England.

Láti ìgbà náà, ìpele kẹta àti ìkẹrin líìgì England ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kíláàbù tó gbà á ń yá a kiri bí àga ayẹyẹ. Yóò lo oṣù mélòó kan níbí, yóò lo sáà kan lọ́hùn-ún, nínú àwọn ìlú kéékèèké tí òjò kì í dá. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé ni mo máa ń wò ó lórí fóònù, torí aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Mi ò kì í wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ àwọn tó fẹ́ gbá a ni mo máa ń wò.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, iṣan ẹ̀yìn itan ọ̀tún rẹ̀ ya. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń sáré ni. Àdéhùn rẹ̀ parí nígbà tí ẹsẹ̀ náà kò tíì san, kíláàbù náà kò sì fún un ní òmíràn. Ó wá sọ́dọ̀ wa. Kíláàbù kan ní àríwá England ní kí ó wá ní oṣù keje, kí dókítà àwọn yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Tó bá dára, wọn yóò gbà á. Tí kò bá dára, ó parí nìyẹn, torí kò sí ẹni tí yóò gba wíńgà tí kò lè sáré. Ẹni tó ń tọ́jú iṣan rẹ̀ sọ ohun tó yẹ kí ó ṣe kedere: kó má gbé ẹrù, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fa nǹkan, orí koríko nìkan ni kó ti máa sáré.

Mo tẹ̀lé e bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àpò ìrẹsì, èmi ni mo ń gbé e wọlé. Ìyá rẹ̀ ní ṣé ojú kò tì mí, tí ọmọ tó ga jù mí lọ dúró tó ń wò mí. Mo ní kí ó máa wò.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún wọn pé ó wá sinmi.

Ẹni tí ìsinmi yìí kò yé ni Àǹtí. Gbogbo ìjọ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ni a gbé títí a fi rí ilé. Òun ló sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, iṣẹ́ náà ni mo sì ń ṣe di òní. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Bramalea, ó ti di ọ̀gá níbẹ̀, àárọ̀ àárọ̀ ló sì máa ń kó àwọn ọmọ ìjọ sínú mọ́tò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ rẹ yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń sinmi ni, mà."

"Kí ló ṣe tó rẹ̀ ẹ́?"

"Ó kàn ń sinmi ni, mà."

"Ọmọ tó ga bí òpó iná! Mo kọjá lẹ́yìn iléèwé tó wà nítòsí ilé yín ní Tọ́sìdeè, lọ́sàn-án gangan, mo rí i tó ń sáré lọ, tó ń sáré bọ̀, òun nìkan. Kò sí ẹni tó ń lé e. Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Ara rẹ̀ yá, mà."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má tijú. Ojú ọmọ ẹlòmíì ti rí jù báyìí lọ nílùú yìí. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé àdúrà ló ní lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kejì, mo jáde lọ síbi bọ́ọ̀sì mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo yẹ iná wò, mo yẹ táyà wò, mo gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Mi ò kì í tan fóònù tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo dá bọ́ọ̀sì padà tí mo tan fóònù, ohùn Àǹtí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí WhatsApp: "Mo ti mú ọmọ rẹ lọ síbi iṣẹ́ o. Mo ti bá a wá bàtà iṣẹ́ onírin lẹ́nu. Má da ara rẹ láàmú, ẹrù tòní kò le. Òróró àti ìrẹsì ni."

Mo pe ọmọ náà, kò gbé e. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọlé níbẹ̀. Mo pe ìyá rẹ̀ tó wà níbi iṣẹ́, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo ní kí a má sọ," ó ní, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Mo gba 407, ọ̀nà tí wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀, tí mi ò kì í gbà. Mi ò sáré ju iye tí wọ́n kọ sójú títì lọ, torí láìsí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, ebi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níwájú mi ni mo bá jà láti inú mọ́tò, pẹ̀lú wíńdò ní títì. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mi ò mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí náà, ẹ̀ṣọ́ kan ní mi ò lè wọlé. Mo ní ọmọ mi wà nínú ibẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni. Mo ní mẹ́rìnlélógún. Ó wò mí títí, ó wá ní kí n lọ dúró sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí títí wọn yóò fi jáde fún ìsinmi.

Nígbà tí wọ́n jáde, Àǹtí ló ṣíwájú. Ọmọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òfeefèé, bàtà náà kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

"Mélòó lo gbé?" mo bi í.

"Dad, I'm fine."

"Mi ò béèrè ìyẹn. Mélòó lo gbé?"

"Páálí òróró mẹ́ta. Àǹtí rí i pé ẹsẹ̀ kan ni mo ń fi tẹlẹ̀, wọ́n bi mí, mo sì sọ fún wọn. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n gbé mi jókòó sí látìgbà yẹn. Kò dùn mí, Dádì."

"Ta ló ní kó o tẹ̀lé wọn?"

"Àgbàlagbà wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, bàtà wà lọ́wọ́ wọn. Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin lẹ ní a kì í kọ iṣẹ́ àgbà."

"Tí àgbà bá ní kó o bu omi wá ni mo ní kó o má kọ̀! Ta ló bá ọ sọ ti òróró?"

"Ó tó," Àǹtí ní. "Ó ti kàn mí." Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "O sùn nínú ilé mi. O jẹ ẹ̀wà mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ lo jókòó tì mí. Ọmọ rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù fún òyìnbó láti ọjọ́ yìí wá, o ní ó ń sinmi. Kí lo rò pé n óò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe? Kí n fi se ọbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ṣé àjẹ́ ni mí?"

"Háà! Rárá o, mà."

"Nígbà náà, kí ni mo ṣe?"

Tí mo bá ní n kò fi pa mọ́ fún òun nìkan, pé gbogbo ayé ni mo fi pa mọ́ fún, kò ní sàn jù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀, lórí ọ̀dà, láàárín mọ́tò méjì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rò pé mo dákú ni. Ó sáré wá, ó ti ń tẹ fóònù láti pe ambulance.

"Leave am," Àǹtí ní. "Na respect." Ó wá kọjú sí mi. "Dìde, o ń ba ṣòkòtò jẹ́. Mú ọmọ rẹ lọ sílé. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Nínú mọ́tò, mo ní kí ọmọ náà máa na ẹsẹ̀ kí n máa wò ó. Ó ní kí n máa wo ọ̀nà.

Àǹtí pa àdéhùn rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún dìde, ó dìde. Ó ní òun kò ní dárúkọ, òun ti ṣèlérí. Ó ní kí a ṣáà gbé ẹsẹ̀ òsì ọmọkùnrin kan nínú ìjọ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ní England wà lórí ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ìjọ yíjú padà, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ òsì ọmọ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ló sì ti níṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ọwọ́ òsì pápá ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, bóyá ohun tó ṣì í lọ́nà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ni iṣan ti ya. Mo fẹ́ dìde láti tún un sọ. Tí a bá tilẹ̀ fẹ́ tú àṣírí, kí a tú èyí tó péye. Ìyá rẹ̀ di etí kóòtù mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi ṣe àmín. Wọ́n gbàdúrà kíkan kíkan fún ẹsẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe.

Ní oṣù keje, mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Mo gbé báàgì rẹ̀. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí dókítà sọ, títí yóò fi fọwọ́ sí ìwé kíláàbù náà. Ó ní ó ti yé òun.

Ní ọjọ́ tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, iléèwé ti wà ní ìsinmi, mi ò sì ní bọ́ọ̀sì tí n óò wà. Mo fọ mọ́tò mi. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkàn mi balẹ̀. Mo tún mọ́tò náà fọ̀. Àkókò tí dókítà fún un ti kọjá tipẹ́ lọ́dọ̀ wọn, fóònù mi kò dún. Mo sọ fún ara mi pé ó ń tẹ̀lé ìlànà tí mo fún un ni. Nígbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ náà ti kọ̀, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún mi.

Fóònù dún. Àǹtí ni. Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ó yege o! Dókítà ní iṣan náà ti jinná, ó dà bí ẹni pé kò ya rí!"

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ ta?"

Mo ní kí ó jọ̀ọ́, mò ń bọ̀. Mo pe England.

"O pe Àǹtí."

"Mi ò pè wọ́n, Dádì. Àwọn ló pè mí. Wọ́n bi mí. Ṣé kí n parọ́ fún àgbà ni?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n má pe ẹnikẹ́ni kí n tó fọwọ́ sí i. Aago márùn-ún ni wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí i."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ni mí?"

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbìyànjú kí n má gbọ́. Ó ní àdéhùn sáà méjì ni. Ó ní wọ́n ní kí òun sáré, òun sáré, nǹkan kan kò fà á. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, aṣọ ìnumọ́tò wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, mi ò sì rí nǹkan kan sọ fún ọmọ mi ju pé kó jẹun kó tó lọ fọwọ́ sí i.

Mo pe Àǹtí padà. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́sẹẹsẹ pé ìyẹ̀wò ara lọ̀tọ̀, ìwé lọ̀tọ̀, pé kíláàbù lè yí ọkàn padà láàárín méjèèjì, pé mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má tíì sọ fún ẹnì kankan. Ó ní ó yé òun, ó ní ọlọgbọ́n ni mí. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn ti jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo àwọn tí òun ń gbé wá síbi iṣẹ́ ló jókòó ti òun, fóònù òun sì wà lórí tábìlì, ó ń sọ̀rọ̀ síta látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú oríire o, sà!" wọ́n jọ ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní kò tíì fọwọ́ sí i.

"Àmín!" ẹnìkan nínú wọn ní.