Bọ́ọ̀lù Tí A Gbá Láti Kaneshie dé Ìlọrin

Òórùn ọ́ìlì mọ́tò ló ń jáde lára ẹ̀rọ géèmù náà lọ́jọ́ tí mo gbé e wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì ọkọ̀ ní Abossey Okai ló yá mi. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí àjà ṣọ́ọ̀bù wọn, láàárín bẹ́líìtì àti páìpù ògbólógbòó, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Mo fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán, mo sì gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n wa ní Kaneshie bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní.

Nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ṣe ń sáré kiri. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Òun ló kọ́ mi ní géèmù bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì máa ń fìyà rẹ̀ jẹ mí láìṣàánú. Nígbà tó lọ́kọ, tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọdá ibodè lọ sí Ìlọrin, ó di ẹ̀rọ géèmù ilé wa mọ́ ẹrù ìyàwó, láàárín ìkòkò àti aṣọ. Àwọn àgbà obìnrin tó wá sin ìyàwó ṣe hàà. Ìyá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú.

Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí òmíràn dé, dókítà ní kó máa sùn sílẹ̀, kó má ṣe dìde àfi bó bá fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, títí tí yóò fi bímọ. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀. Bó bá ti jáde láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á máa dá wo òrùlé títí ó fi dé. Ìyá mi ń pè é lójoojúmọ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Mà."

Ohùn rẹ̀ kò ní iyọ̀ rárá. Bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀, ìyá mi á máa wo fóònù bí ẹni pé ó ṣì lè sọ nǹkan mìíràn. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Ìdánìkanwà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ju oyún náà lọ."

Ìgbà náà ni èrò yìí sọ sí mi lọ́kàn: bí èmi náà bá rí ẹ̀rọ bíi tirẹ̀, tí mo so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa, a ó lè jọ gbá bọ́ọ̀lù, kí a sì máa bú ara wa bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń lo iná tí n kò mọ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé kí ẹyin tó gbé kaná tó jinná, mà á ti parí. Òun ló ni íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Áńkárá àti léèsì ló ń tà ní ọjà Odawna, orí fóònù ló sì ti ń fi aṣọ tuntun han àwọn oníbàárà, ìdí nìyẹn tó fi ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, tó gbé e sórí fírísà inú yàrá rẹ̀.

"Kó má jẹ dátà mi tán o."

"Kì í jẹ púpọ̀, Mà."

Ẹyin jinná, ẹyin tutù, a jẹ ẹyin. Èmi ṣì ń fi páàdì géèmù tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ráútà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ̀rọ rí ráútà, ó gba ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè dé íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo dá ògiri tó wà láàárín wọn lẹ́bi. Mo ru tẹlifíṣọ̀n àti géèmù wọ yàrá ìyá mi, mo kó wọn lé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo fi wáyà so géèmù mọ́ ráútà ní tààrà. Ó ṣì kọ̀. Mo pa ráútà, mo tàn án. Mo tilẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ihò wáyà bí ẹni ń fẹ́ná. Lẹ́yìn mi, ìyá mi ń bẹ oníbàárà lórí fóònù ní èdè Twi, "Mepa wo kyɛw," pé kí wọ́n ní sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọmọ mi, o ti gbìyànjú. Gbé e padà fún ẹni tó ni ín."

Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí. "Ka gbogbo ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n fún mi."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ọjọ́ àti ọdún tó wà ní igun.

"Dúró. Ọdún wo lo pè yẹn?"

Mo tún un wò. Ọdún tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń kà. Níbi tó sùn sí lórí àjà láìrí iná, kò mọ ọdún tí a wà mọ́.

"Ọmọ yìí!" Mo gbọ́ tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ sí ohùn rẹ̀. "Ọjọ́ rẹ̀ kò bá tòní mu, ìdí nìyẹn tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò fi ṣílẹ̀kùn fún un. Tún un ṣe!"

Mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà ro ó díẹ̀, ó sì wọlé! Mo kígbe, mo fò débi pé tẹlifíṣọ̀n fẹ́ re bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn yọ: géèmù ti gbó, àfi kí ó kọ́kọ́ fa ẹ̀yà tuntun sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wo bó ṣe tóbi tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo dátà ìyá mi mì. Ìyá mi wo ojú mi, ó wo fóònù tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ṣé ohun tó kù kí o tó bá a ṣeré nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́."

A jókòó tì í, a ń jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, a ń wo bí ìlà tó ń fi iye tó ti wọlé hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ṣe ń rìn bí ìgbín. Nígbà tó kún, mo pe ẹ̀gbọ́n mi sínú eré. Orúkọ rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, ó ròkè lala: "Chale, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti múra ìyà?" Bọ́ọ̀lù kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tó fi gbá àkọ́kọ́ wọlé. "Gólì rẹ ń sùn ni? Ẹ bá mi jí i!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá mi dìde wùyà. "Rọra o! Má pariwo, nítorí ọmọ!"

"Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ wá wo bí mo ṣe ń na ọmọkùnrin yín!"

Ìyá mi fi ìborùn bo ojú. Mo rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀, omijé sì ń bá a bọ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń pariwo, "Lé e! Gbà á!" láìmọ aṣọ ẹni tí ó ń gbè lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án lọ́sàn-án la ń gbá a títí oṣù fi pé. Ẹ̀gbọ́n mi bí obìnrin, ọmọ sì dúró.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìlọrin láìpẹ́ yìí, tí ọmọ ń sáré kiri àgbàlá, ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí n kò mọ̀ rí. Ó ní ní gbogbo oṣù yẹn, láti òwúrọ̀ títí oorun fi ń gbé òun lọ lòun ń tẹ́tí sí inú òun, bóyá ọmọ ṣì ń mira. Ìgbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan lòun ń gbàgbé. Ní tèmi, bí mo ṣe máa borí ló gbà mí lọ́kàn lọ́sàn-án wọ̀nyẹn. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mọ ẹrù tó wà lórí eré náà, bóyá ǹ bá máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí mi, kò sì ní jẹ́ eré mọ́.