Mósè Ọmọ́lẹ́wà àti Ìkòkò Aláìkánjú

Ní Àwóyè, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Mósè Ọmọ́lẹ́wà, ìtàn ọjọ́ tó fi ebi parí ìjà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Àwọn tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn ń sọ ọ́. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ń bá wọn sọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ máa ń tún un ṣe fún àwọn tó ṣojú wọn.

Ọdún tí epo rọ̀bì tú sí odò ẹ̀yìn ìlú ni. Omi dúdú, ẹja sá lọ, àwọ̀n tí wọ́n bá jù sódò sì ń jáde bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà. Odò tóóró kan ṣoṣo ló kù tí ẹja ṣì wà nínú rẹ̀, ọkùnrin méjì sì wà tí kálukú wọn ń sọ pé ti bàbá òun ni: Kọ́lájọ àti Ísákì. Àna ara wọn ni wọ́n, nítorí àbúrò Ísákì ni Kọ́lájọ fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ísákì bá àwọ̀n rẹ̀ ní gígé wẹ́wẹ́. Kò pẹ́ tí Kọ́lájọ náà bá ihò nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àdá ni wọ́n ń pọ́n nílé méjèèjì, àwọn ìyá sì ń kó ọmọ wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn àgbà pè wọ́n, wọn ò jẹ́ ìpè.

Mósè kì í ṣe àgbà ìlú. Kúùkù ni, lórí ọkọ̀ ńlá ilé-iṣẹ́ epo kan lójú òkun, ìsinmi ló sì wá lò nílé. Ó ránṣẹ́ sí Kọ́lájọ pé kó wá jẹun, Ísákì ò ní sí níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ísákì pé kó wá jẹun, Kọ́lájọ ò ní sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sábẹ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe rí ara wọn, ojú ti kálukú láti jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ padà, ni wọ́n bá gòkè. Àdá wọn wà nídìí ọkọ̀, nítorí èèyàn kì í mú àdá wọ ilé ẹni tó pè é wá jẹun.

Orí òpó ni ilé náà wà bíi gbogbo ilé tó kù, omi ló yí i ká. Bí wọ́n ṣe jókòó tán, Hánà, ìyàwó Mósè, tú okùn ọkọ̀ méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ra, ó sì wà wọ́n lọ.

"Níbo ló ń gbé ọkọ̀ wa lọ?" Ísákì béèrè.

"Ó lọ ra iyọ̀."

"Iyọ̀ wo ni wọ́n ń fi ọkọ̀ méjì gbé?"

"Mo fẹ́ràn iyọ̀," Mósè dáhùn, ó sì lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ìkòkò náà. Ìkòkò òyìnbó ni, amọ̀ dídán ló wà nínú, irin ló yí i lẹ́yìn, gíláàsì ni ìdérí rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń lò, ooru rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án kò sì ju ti ara ẹni tí ibà ń ṣe lọ. Àgbà àkùkọ kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀, àti odidi ìgò wáìnì pupa kan.

"Ṣé ó ti jinná?" Kọ́lájọ béèrè.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," Mósè ní.

Títí oòrùn fi dé àtàrí, èébú ni wọ́n ń bú ara wọn. Mósè kò dá sí i. Ó jókòó ti ìkòkò, ó gbé àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ lé itan. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ìdérí, òun á fi àjẹ̀ gbá a lọ́wọ́, nítorí ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí i, ooru inú rẹ̀ á sá lọ, ọbẹ̀ á sì padà sẹ́yìn. Nígbà tó di ọ̀sán, ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán. Èébú dáwọ́ dúró. Ẹni tí ebi ń pa kì í rántí èébú tó dára.

Kọ́lájọ ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Àlùbọ́sà nìyẹn."

"Kì í ṣe àlùbọ́sà nìkan," Ísákì ní.

"Àbúrò rẹ ò se irú èyí fún mi rí."

"Ìwọ náà ò ra àkùkọ fún un rí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń jà.

Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi jáde. Kọ́lájọ ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ti odò dé lọ́wọ́ òfo, pé omi ni ìyàwó òun ń bù sí ọbẹ̀ àná kó lè kárí àwọn ọmọ. "Èmi ni mo gé àwọ̀n rẹ," ó ní. "Mo kọjá lọ, mo rí ẹja nínú rẹ̀. Ẹja yẹn ló bí mi nínú."

"Ebi ń pa ọmọ àbúrò mi," Ísákì ní, "o ò sì wí fún mi?" Ló bá bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin. Mósè yí ojú sí ìdérí ìkòkò rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé lára rẹ̀. Kó tó gbójú sókè, wọ́n ti fẹnu kò sí i pé ọ̀kan á máa lọ sódò láàárọ̀, èkejì ní ìrọ̀lẹ́.

Àfi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe wúkọ́, tó sì kú. Petirólù ti tán. Ojú Mósè rẹ̀wẹ̀sì ju ti ìgbà tí wọ́n ń bú ara wọn lọ.

"Petirólù wà nínú ọkọ̀ mi," Ísákì ní.

"Ó wà nínú tèmi náà," Kọ́lájọ ní.

Wọ́n pariwo pe Hánà, tó ń ṣa edé ní ìsàlẹ̀ ilé aládùúgbò. Ó wa ọkọ̀ méjèèjì padà. Àdá ṣì wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Petirólù tí kálukú rà láti fi lé èkejì lójú omi ni wọ́n fi se àkùkọ náà jinná.

Púpúrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Mósè ní búrẹ́dì ni àwọn Faransé máa ń fi jẹ ẹ́. Ísákì ní òun ò mọ ohun tí àwọn Faransé ṣe tí Ọlọ́run fi fi púpúrú dù wọ́n.

Ọwọ́ Faransé kan ni Mósè ti kọ́ ọbẹ̀ yìí. Mísíọ̀ Lúùkù, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Lúùkù lédè wọn, ni olórí kúùkù lórí ọkọ̀ ńlá náà, Mósè sì ń fọ àwo lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó da odidi ìgò wáìnì lé adìẹ lórí. Mósè fi ọ̀wọ̀ sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá," ó ní, "adìẹ yìí ti kú. Kò lè mutí mọ́."

Faransé náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mú un kúrò nídìí àwo, ó ń kọ́ ọ ní oúnjẹ. Bó ṣe ń pe orúkọ ọbẹ̀ náà, kòkòfáǹ ni Mósè gbọ́, kòkòfáǹ ló sì gbé wálé. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni àkùkọ inú wáìnì. Kò pẹ́ tí gbogbo Àwóyè fi ń pè é ní Bàbá Kòkòfáǹ. Bí wọ́n bá pe Mósè lásán, kì í tètè dáhùn. Nígbà tí Mísíọ̀ Lúùkù fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó fún un ní ìkòkò tí òun fúnra rẹ̀ ń lò nínú yàrá. Wọ́n dì mọ́ra. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní Mósè sunkún. Mósè ní àlùbọ́sà ni.

Kò sí adìẹ tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn àfi àkùkọ tó ti gbó. Moríkẹ́ tó ń ta adìẹ ní Ìgbòkòdá jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá na ọmọ adìẹ tó sanra sí i, Mósè á mi orí.

"Èyí ò tíì gbé ayé. Mo fẹ́ èyí tó ti ṣe ọkọ, tó ti jà, tó ti ṣẹ́gun."

Wọ́n á jọ wo gbogbo àgò, Mósè á máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àkùkọ kọ̀ọ̀kan, á máa wo èékánná ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọn, á máa bi í léèrè ìwà wọn, títí àwọn oníbàárà tó kù yóò fi lọ tán. Ní ọjọ́ kan, Moríkẹ́ gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fi í joyè?"

Ọ̀rọ̀ wáìnì náà kò ṣàì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì Ọlọ́rundáre, olórí ìjọ tí Mósè ń lọ, wọkọ̀ wá sílé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọbẹ̀ ń jinná lọ́wọ́ nínú ìkòkò. Ó kọ̀ láti jókòó.

"Bàbá, wọ́n ní ọtí lẹ fi ń sebẹ̀."

"Mo fi í sè é. Ṣùgbọ́n ọtí náà ti bá ooru lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ó lọ sókè."

"Ẹ̀yin náà mọ Ẹni tó wà lókè!"

"Mo mọ̀ Ọ́n. Kò tíì dá a padà."

Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ìjọ. Hánà bu díẹ̀ fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó di ojú, ó tún tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì na àwo padà. "Mi ò tíì rí ọtí náà," ó ní. "Ẹ tún bù sí i, kí n lè wò ó dáadáa."

Hánà nìkan ni kòkòfáǹ náà kò wọ̀ lọ́kàn. Kò ní ata. Ọbẹ̀ aláìsàn ló ń pè é, Mósè a sì máa sọ pé bí Mísíọ̀ Lúùkù ṣe kọ́ òun nìyẹn, òun ò ní yí i padà. Lọ́jọ́ kan tí Mósè lọ kí àlejò kan nísàlẹ̀, Hánà ṣí ìdérí, ó ju ata rodo sí i, ó sì dé e padà. Mósè jẹ ẹ́ títí òógùn fi bò ó níwájú orí. Hánà múra ìjà, ìjà kò wá. Nígbà tí Mósè lọ sọ́jà Ìgbòkòdá, ó ti ibẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan dé, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ata rodo ló kún inú rẹ̀.

"Ṣé Mísíọ̀ ti fọwọ́ sí i ni?" Hánà béèrè.

"Mísíọ̀ ò níyàwó," Mósè ní. "Ta ni ì bá kọ́ ọ?"

Òkun ń jẹ ilẹ̀ Àwóyè díẹ̀díẹ̀, ní ìgbẹ̀yìn ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbì kó ilé ìdáná lọ, ó padà wá mú ìyẹ̀wù kan. Wọ́n kó lọ sí yàrá kan ní Ìgbòkòdá. Mósè kò lè sùn dáadáa níbẹ̀, ó ní ilẹ̀ náà dákẹ́ jù. Àyà ń dùn ún. Hánà kì í jókòó: bó ti ń wá oògùn, ló ń gbé omi kaná, ló ń nu ilẹ̀ tó ti mọ́. Ní ọ̀sán kan, Mósè pè é.

"Hánà, jókòó."

"Mò ń wá oògùn rẹ."

"Oògùn ò níbi tó ń lọ. Jókòó tì mí."

Ó jókòó. Mósè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí ọ̀sán náà tó tán, ó ti kú.

Ojú omi ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà padà sí Àwóyè. Nínú ìsìn, Wòlíì Ọlọ́rundáre ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nípa olóògbé dìde. Ọ̀kan dìde, ó rẹ́rìn-ín kó tó parí. Èkejì dìde, kò lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀rín gba gbogbo ìjọ, òkú sì wà níwájú wọn nínú pósí. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè kó lè dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n èjìká òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nílé aládùúgbò kan tí Hánà dé sí ní Àwóyè, àwọn obìnrin ṣàkíyèsí pé Hánà ń yára ṣe gbogbo nǹkan. Kí wọ́n tó jẹun tán, ó ti kó àwo. Kí wọ́n tó kí i tán, ó ti dáhùn. Moríkẹ́, tó ti Ìgbòkòdá wá bá a kẹ́dùn, ní kó rọra.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi nílé ọkọ ni mo fi pariwo pé ó ń falẹ̀," Hánà ní. "Báyìí mo ti lè yára bí mo ṣe fẹ́. Mò ń yára, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìró nu ojú. Moríkẹ́ sún lórí pákó tó jókòó lé, ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Hánà jókòó. Omi ń lọ lábẹ́ ilé, kò sì sẹ́ni tó tún dìde láàárín wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.