Èèpo Tó Kọ̀ Láti Ṣí

Àwọn ará ìlú Ain Draham máa ń sọ pé orí igi ni Larusi ti já bọ́ tí egungun èjìká rẹ̀ fi ṣẹ́. Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló fi èèkù àáké ṣẹ́ ẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Larusi nígbà náà. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni bíbó èèpo igi óákù, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò. Ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bó igi kan, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Larusi ka ọdún, ó pé mẹ́sàn-án, ó gbé àáké. Òjò ni kò kà: ìgbà òtútù méjì, tí òjò ibẹ̀ máa ń rọ̀, ti kọjá láìrí òjò gidi. Èèpo lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ igi. Ó fi ipá ya á, ara igi bá a jáde, ó pupa bí ojú egbò. Nígbà tí ọdún yí po, igi ti kú.

Bàbá rẹ̀ lù ú tán, ó ní kó fi ọwọ́ tó kù rẹ́ igi náà lulẹ̀, kó sì wo òrùka inú rẹ̀. Ti ọdún òjò nípọn bí okùn. Ti ọdún ọ̀dá tín-ín-rín bí irun.

"Èyí ló yẹ kó o kà," ni bàbá rẹ̀ wí.

Lẹ́yìn ogójì ọdún, ọ̀dá tún dé. Hamadi, ọ̀gá àwọn abó-èèpo, kó wọn lọ sí òkè tó wà lẹ́yìn ilé Larusi. Larusi ki ẹnu àáké bọ èèpo igi àkọ́kọ́, ó yí i díẹ̀, ó tẹ́tí. Èèpo tó máa ṣí máa ń dún bí aṣọ tó ń ya. Eléyìí dún kó, bí ìgbà tí a bá kanlẹ̀kùn.

"Kò ní ṣí," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́sàn-án ti pé," ni Hamadi wí. " Àbí igi sọ fún yín pé òun ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ó ti ń gbà á láti èṣí. Ìwọ tó o yó, lọ bó ara tìẹ."

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Hamadi, ó gbé àáké sókè. Larusi na ọwọ́ òsì bo ara igi. Hamadi rí ọwọ́ náà, kò dúró. Ìka méjì já bọ́ sínú ewé gbígbẹ. Larusi fi èèkù àáké tirẹ̀ la Hamadi léjìká, ó sì gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́. Ó mọ ìró náà dáadáa.

Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bó igi kankan lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bó o lọ́dún kejì.

Ní ọdún kẹta, Larusi fi ìka mẹ́jọ ki àáké bọ èèpo. Ó dún bí aṣọ tó ń ya. Hamadi, tí èjìká rẹ̀ kan ti rọ̀ sílẹ̀, ló gba èèpo náà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ ìjà wọn, wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ọdún mélòó ló ti pé báyìí?" ni Larusi bi í.

"Mi ò ka ọdún," ni Hamadi fèsì. "Òjò ni mo kà. Ti ìgbà òtútù méjì."